Owó ìpolówó tí a fẹ́ dá: ẹ gbọ́ tẹnu mi kí a tó ná an

Ohùn mi há díẹ̀, ẹ má bínú, mo kígbe ní Oil Mill lánàá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin tí data yín kò gbé fóìsì, wọn á bá mi tẹ̀ ẹ́ síbí bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà náà ni. A ní kí oníkálùkù dá a, kí a fi gbé pátákó ìpolówó sí ẹ̀bá Aba Road, kí a sì fi èyí tó bá kù san owó ẹni tó máa gbé fídíò wa sórí Facebook. Àwọn kan ti san tiwọn. Àwọn kan sì ń bínú sí mi pé kí ló dé tí mo ní kí owó dúró ná. Owó wà lọ́wọ́ akápò, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n dá a dúró ni pé èmi náà ti fi owó ìpolówó ṣòfò rí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo háyà ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sórí. Ó yí Rumuokwurusi àti àdúgbò rẹ̀ ká fún ọjọ́ méjì gbáko, ó ń pariwo pé ẹlùbọ́ gidi láti Ṣakí ti dé sí Oil Mill. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo kó àpò mẹ́wàá jáde. Ẹ mọ iye tí mo tà? Àpò kan àti díẹ̀. Àwa ará Ọ̀yọ́ àti Kwara tó máa ń rà á tẹ́lẹ̀ náà ló rà á. Obìnrin Ìkwẹ́rẹ́ kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló là mí lójú. Ó ní, "Madam, since morning I dey hear elubo, elubo. Wetin be elubo sef?"

Ọkọ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o. Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n gbọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Indomie, torí ìṣòro kan náà ló kọ́kọ́ bá a. Ní 1988 ni ilé iṣẹ́ Tolaram bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọ Nàìjíríà. Lónìí, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ń pe Indomie. Kódà, bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe nudulu tó wà lọ́wọ́ wa, Indomie náà la máa ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn kan wò ó, wọ́n ní ekòló ni. Ta ló fẹ́ ra ekòló fún ọmọ rẹ̀ jẹ? Bí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò láti àárọ̀ dalẹ́, ekòló náà ni ì bá ṣì jẹ́ lójú àwọn èèyàn. Ìkòkò ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n ń sè é níwájú èèyàn, wọ́n ń bù ú fún wọn jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n wọ ilé ìwé lọ, wọ́n dá Indomie Fan Club sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ọmọ wá di ẹni tó ń bá wọn polówó fún ìyá rẹ̀ nínú ilé, láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Choba kọjá náà mọ̀ pé wọ́n ní ilé iṣẹ́ síbẹ̀.

Ohun tí obìnrin ẹlẹ́ja yẹn sọ dùn mí débi pé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbé sítóòfù àti omorogùn wá sọ́jà. Mo ro àmàlà. Mi ò se ewédú o, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Mo ní kó fi native soup tirẹ̀ jẹ ẹ́, èyí tó gbé wá láti ilé. Bí mo bá gbé àmàlà tí kò mọ̀ àti ewédú tí kò mọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù á bà á. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó rọ̀ ju ohun tí òun rò lọ. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, mo ti ń ta àpò mẹ́rin lọ́jọ́ ọjà, mi ò sì háyà ọkọ̀ kankan mọ́.

Ẹ wo àwọn tó ń ta bọ̀lì àti ẹja nílùú yìí náà. Ta ló ń bá wọn polówó? Èéfín ni. Kí o tó rí iná, imú rẹ ti débẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ti pẹ́ gan-an, ilé wa ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Jacob Sogboyega Odulate. Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí, Abẹ́òkúta ló fìdí kalẹ̀ sí, ní 1918 ló sì gbé oògùn Alabukun jáde. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n, ìdì pélébé tí àwòrán bàbá náà wà lára rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn ná: láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀wé kà, ó fi ojú ara rẹ̀ sára ọjà. Ẹni tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B á dá ojú mọ̀, bí wọ́n bá sì rán ọmọdé níṣẹ́, kò ní ra òmíràn bọ̀. Èkejì ló tún jù. Ó ń tẹ kàlẹ́ńdà tó pè ní Alabukun Almanac lọ́dọọdún, láti àwọn ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1950, ó sì tàn káàkiri Abẹ́òkúta, Èkó àti àwọn ìlú mìíràn. Ẹ rò ó wò. Oògùn ló ń tà, kàlẹ́ńdà ló gbé fún yín. Ẹ fi kọ́ ògiri fúnra yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ọjọ́ ọjà, ẹ ó wò ó. Bẹ́ ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ àjọ, ẹ ó wò ó. Odindi ọdún kan, orúkọ rẹ̀ wà nínú pálọ̀ yín, ẹ ò sì rí i bí ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu.

Pátákó ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́? Lóòótọ́, ní Ọjọ́rú tí Aba Road bá dí pa nítorí ọjà wa, èèyàn á rí i. Àmọ́ ẹni tó ń làágùn nínú bọ́ọ̀sì, bí òun ṣe máa délé ló ń rò. Ó tiẹ̀ lè máa ṣépè fún ọjà náà lọ́wọ́.

(Ọmọ bàbá Alabukun yìí ni Fọláké Ṣólàńkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN ní Nàìjíríà, ní 1981. Ẹ má sì torí pé mo yin kàlẹ́ńdà wọn kẹ́ ẹ máa lá Alabukun bíi ṣúgà o. Aspirin wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú jìnnà sí i.)

Àbúrò wa kan mẹ́nu ba ti Saka, pé kí àwa náà wá gbajúmọ̀ kan. Ẹ̀yin náà rántí rẹ̀. Ní 2013, NCC gbà kí èèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Etisalat ló ti ń lo Saka, ìyẹn Hafiz Oyetoro ọmọ Ìsẹ́yìn, fún ìpolówó. MTN lọ mú un, wọ́n wọ aṣọ yẹ́lò fún un, ó ń jó pé òun ti port. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ojú tí Etisalat ti náwó lé lórí, MTN ló wá jẹ èrè rẹ̀. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n a ò lówó gbajúmọ̀. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ni Saka tèmi. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, èdè wọn ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ní òun ń jẹ àmàlà, wọ́n á gbà á gbọ́ ju èmi lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ fídíò, èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Èyí tí wọ́n fi hàn mí, ẹnì kan di imú nínú rẹ̀, ó ní fùfú ń rùn, pé kí àwọn èèyàn Port Harcourt wá jẹ oúnjẹ gidi. Ó pa yín lẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ilẹ̀ ta la wà? Ta ló ń jẹ fùfú? Ẹ rántí Sterling Bank ní Àjíǹde 2022. Wọ́n gbé búrẹ́dì Àgége jáde, wọ́n fi àjíǹde Jésù wé bó ṣe ń wú. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ọgbọ́n lòun dá. Àwọn Kristẹni bínú, CAN sọ̀rọ̀, báńkì ńlá bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Báńkì lè tọrọ àforíjì kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwa tí a háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí ńkọ́? Fídíò yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá ti wà lórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́ lálẹ́ òní, ẹ má fi í sí status.

Àbá tèmi nìyí. Kí a fi owó náà ra ìkòkò àti sítóòfù méjì, kí a máa ro àmàlà láago mọ́kànlá ní gbogbo Ọjọ́rú fún oṣù méjì, kí àwọn tó ń ta ẹ̀wà ọlọ́yin náà máa se tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kí a tẹ ìwé kékeré sínú gbogbo ọ̀rá, kó ṣàlàyé pẹ̀lú Píjìn bí wọ́n ṣe ń rò ó tí kò fi ní kókó, kí nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Bó bá di oṣù Kejìlá, tí nǹkan bá kù, kí a tẹ kàlẹ́ńdà, kí a fa igi pupa sí gbogbo Ọjọ́rú inú rẹ̀. Kí a há a fún àwọn olóúnjẹ àti àwọn tó bá ra ọjà púpọ̀.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó tẹ 1, ẹni tí pátákó ṣì wù kó tẹ 2, kó tó di alẹ́ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kó pe akápò, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo sì ń wá ẹni tó máa yá mi ní ìkòkò fún Ọjọ́rú tó ń bọ̀ o, tèmi ti ń jò nídìí.