Nígbà tí Katapílà Bá Ń Han: Eré Àsápajúdé Ẹ́ńjìnnì

Kò sí ẹni tó ń gbé Ore tàbí Odigbo tí kò mọ katapílà. Bí kì í bá ṣe èyí tó ń ṣe títì Ṣàgámù sí Bẹ̀ní, èyí tó ń wú kùkùté nínú igbó ni. Láyé òde òní, kì í ṣe ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń lò ó. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà a máa dá owó jọ, wọn a háyà á kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin ọ̀pẹ tàbí ẹ̀gẹ́.

Ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń bẹ̀ wò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́, fèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí han nínú katapílà náà, iná pupa sì ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀. Awakọ̀ ní kò sí nǹkan kan, pé ó ti máa ń ké bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó na ọwọ́, ó já wáyà fèrè náà. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ irúgbìn àti ajílẹ̀ ni mo kọ́, n kò kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ sí etí odò, ẹ́ńjìnnì ké tòò, nǹkan gbá nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, fáàfù ti lọ kọlu písítọ̀nù. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, òjò ti balẹ̀, igi tí wọ́n ti wó dùbúlẹ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí ewébẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan gbìn lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ àti ẹni tó ni ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí fa ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn mẹkáníìkì léèrè ohun tí fèrè yẹn ń sọ.

Ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti sáré kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é fi òté lé. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní iye ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ yí ní ìṣẹ́jú kan. Lister ẹlẹ́ṣin mẹ́fà tí a mọ̀ ní ẹbu epo àti ní ibi ìlọ̀ gààrí, ìgbà 650 ni tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì S195 láti ilẹ̀ Ṣáínà, ìgbà 2,000 ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fa àwọn irin inú rẹ̀ ya kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi lè ba ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ bi awakọ̀ ni èyí: níbo ni ẹ̀rọ wà nígbà tí ó ké? Ṣé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, àbí orí ilẹ̀ títẹ́jú?

Bó bá jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì má lárùn kankan. Ìwúwo katapílà ló ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ ló sì ń fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa epo dísù, kò ní tán, nítorí kì í ṣe epo ló ń mú un sáré. Búréèkì ni kí awakọ̀ tẹ̀, kí ó sì sọ abẹ ńlá iwájú ẹ̀rọ kalẹ̀ kó gbá ilẹ̀ mú. Ohun tó dára jù ni pé kó ti mú jíà kékeré láti orí òkè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀. Jíà tí a ó fi gun òkè náà ni ká fi sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi sí fíríì, tí ẹ̀rọ wá ń já lọ, tó wá ń wá jíà kékeré ní agbedeméjì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn awakọ̀ agbégilódò mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ máa ń ṣe é nígbà gbogbo.

Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ títẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ wo gọ́fánọ̀. Gọ́fánọ̀ ni ọlọ́pàá ẹ́ńjìnnì. James Watt, ará Scotland, ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ oníná omi gbígbóná ní ọdún 1788: bọ́ọ̀lù irin méjì tó ń yí, bí eré bá pọ̀, wọn a fẹ̀ síta, wọn a sì dín ohun tó ń wọlé kù. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ló ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn láti dín epo kù. Bí omi bá wà nínú dísù, tí ẹ̀rọ sì jókòó fún oṣù mélòó kan lásìkò òjò, ìpẹtà a mú irin tó ń wọn epo nínú pọ́ǹpù, a sì há síbi tí epo ti ń ya wọlé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa sáré láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú pọ́ǹpù rẹ̀, láìní ẹni tí yóò dúró ti ibi ìpanu rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ́ńjìnnì máa jó ọ́ìlì ara rẹ̀. Ẹ ó rí èéfín funfun tàbí aláwọ̀ aró tó ṣú bolẹ̀, eré ń pọ̀ sí i, ẹ sì ti pa dísù, kò kú. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, pé wọ́n bu ọ́ìlì kọjá àmì nínú asẹ́ afẹ́fẹ́, tàbí pé tọ́bò ti ń jò. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ó pa mọ́ ọn. Ẹ fi pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ju ẹnu ibi tó ń gbà mí lọ dí i pátápátá. Ẹ má fi ọwọ́ dí i láé, ẹ má sì fi aṣọ fẹ́lẹ́, yóò fà á mu. Bí kò bá sí ohun tí ẹ lè fi dí i, ẹ sá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó tún kù díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí fèrè bá ń ké ṣùgbọ́n tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ó lè jẹ́ pé wáyà tàbí ohun tó ń ka eré ló bàjẹ́. Eku oko fẹ́ràn wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun tó ní kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà 190 ló dúró fún eré ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí i, eré ni ẹjọ́, kì í ṣe omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sọ pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Lister ní ẹbu, mo ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi okùn so sípíríǹgì gọ́fánọ̀ kí ẹ̀rọ lè tètè gún ẹyìn. Bí bẹ́líìtì bá já lójijì nígbà náà, kò sí ohun tí yóò dá ẹ̀rọ náà dúró. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè fọ́, àfọ́kù rẹ̀ a sì la ògiri kọjá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyàwó wa tó ń ṣa ẹyìn, ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹ tú okùn náà lónìí.

Bí ẹ̀rọ bá ti sáré bẹ́ẹ̀ tán, tó sì kú, ẹ má tún un tàn kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i, kó wò bóyá nǹkan ń kọ́ ara wọn nínú, kó ṣí orí rẹ̀ wo àwọn ọ̀pá fáàfù bóyá wọ́n ti tẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ háyà, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ tan ẹ̀rọ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ rí i pé gbogbo iná ìkìlọ̀ kọ́kọ́ tàn, kí wọ́n tó kú, nítorí iná tí kò tàn rárá lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti já wáyà rẹ̀. Ẹ kọ iye wákàtí tó wà lójú ẹ̀rọ sínú ìwé àdéhùn. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń pa á mọ́ wákàtí tí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá àṣẹ. Bí ìjà bá dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò lè sọ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé oko yín. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí fèrè bá ké, iṣẹ́ dúró, owó wákàtí náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀.