Ilé Ìwòsàn Tó Ń Rìn Lórí Òkun

Ilé ìwòsàn àwọn oníhìnrere kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àlùfáà Àgùdà dá Sacred Heart sílẹ̀ ní Làntòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895. Àwọn Onítẹ̀bọmi dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ní Wesley Guild ní Iléṣà. Èyí tí ojú wa kò mọ́ ni ilé ìwòsàn tí kì í dúró sójú kan, tó ń gba orí òkun lọ bá aláìsàn nílùú rẹ̀.

Ní 1978, Don Stephens àti Deyon aya rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Mercy Ships sílẹ̀ ní Switzerland. Ọkọ̀ èrò ilẹ̀ Ítálì kan tó ti gbó ni wọ́n rà, wọ́n sọ ọ́ ní Anastasis, wọ́n sì ṣe yàrá iṣẹ́ abẹ sínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú ọkọ̀ wọn lónìí ni Global Mercy, tí wọ́n kàn ní Ṣáínà fún iṣẹ́ yìí gan-an, tí wọ́n sì gbà ní 2021. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 174, alájà 12 ni, ó sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ 6. Iná tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú iná lọ nígbà tí dókítà mú abẹ lọ́wọ́.

Ní 2023, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ìlú náà kàn wá: ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrú, ibẹ̀ náà sì ni oníhìnrere Henry Townsend ti wá sí Àgbádárìgì. Africa Mercy, ọkọ̀ wọn kejì, ti dúró ní Kútọnù rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Ṣàkétẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn. Ọmọ tí ètè rẹ̀ là látinú ìyá ń wá, ẹni tí iná jó tí awọ ọrùn rẹ̀ fà mọ́ àyà ń wá, onígẹ̀gẹ̀ náà ń wá. Àwọn kan wà tí kókó so sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Kókó náà lè má jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó máa gé e, á máa tóbi sí i títí á fi dí ọ̀fun olúwa rẹ̀. Gary Parker, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, lo ju ọdún 30 lọ nínú ọkọ̀ wọn lórí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tún wà tí ìrọbí ọlọ́jọ́ gbọọrọ dá ihò sí àpò ìtọ̀ rẹ̀, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí ẹbí sì sá fún un. Bí wọ́n bá rán ihò náà tí ara rẹ̀ sì yá, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, wọ́n á fi orin àti ìlù bá a yọ̀ kó tó lọ sílé.

Ibi tọ́rọ̀ ti yàtọ̀ sí tiwa nìyí. Lóko ọ̀wẹ̀, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ ara rẹ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì, atukọ̀, oníṣẹ́ iná àti alásè, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í gba owó oṣù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn fúnra wọn ló ń san owó ibùsùn àti oúnjẹ lóṣooṣù, ìjọ àti ọ̀rẹ́ ló sì sábà máa ń dáwó jọ fún wọn. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ fiṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ kóun lọ máa fọ abọ́ láìgbowó nínú ọkọ̀ ní ilẹ̀ Sàró, ó dá mi lójú pé ọ̀dọ̀ wòlíì lẹ máa kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ẹ̀jẹ̀ gan-an, ara àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń fà á. Bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu ni wọ́n á pè. Ó lè jẹ́ alásè tó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́. Á ṣan ọwọ́, á lọ na apá sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì wọ ara ẹni tí kò mọ̀ rí nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tò ni wọ́n lè gbà. Àìsàn mìíràn ti kọjá ohun tí abẹ lè ṣe, nọ́ọ̀sì ló sì máa jókòó ti ẹni náà sọ fún un. Ọkọ̀ náà kò sì lè dúró títí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì onílé níṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ yẹn ni mo fi ń díwọ̀n ìrìn àjò iṣẹ́ àánú. Èyí tó kó ọ̀dọ́ rọ̀jọ̀ wọ bàálù lọ sílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lọ kun ògiri tí akunlé ìlú náà lè kùn, ìgbádùn ni, kì í ṣe àánú. Kí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: iṣẹ́ wo ni mo mọ̀ tí wọn kò ní tó níbẹ̀, ta ni màá sì fi kọ́ kí n tó padà?

Ẹ̀yin ìjọ wa tó ń dáwó ra mọ́tò fún pásítọ̀, nọ́ọ̀sì ń bẹ lórí ìjókòó yín, oníṣẹ́ iná ń bẹ níbẹ̀. Ẹ dáwó rán ẹnì kan péré nínú wọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀.