Gòjé ń sọ̀rọ̀ ní Sawaba, ta ni yóò gba ohùn tiwa sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti Kúmásì dé, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ gòjé ni.

Ẹni tí ó bá dé Kúmásì ní ilẹ̀ Gánà, tí ó sì gba ọ̀nà Asawase lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Sawaba. Àdúgbò àwọn àlejò tí wọ́n ti di onílé ni. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń kí ara wọn níbẹ̀, àfi bí ẹni pé ènìyàn wà ní Sábó ní Ìbàdàn. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá, Haúsá ni; ìtura tàbí ìdẹ̀ra ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ òṣèlú ayé Mallam Aminu Kano kò ní ṣàì rántí pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NEPU máa ń ké káàkiri ilẹ̀ Haúsá nígbà náà.

Ìkómọ ni a lọ ṣe ní Sawaba ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Dagomba, jókòó sórí ẹní, ó gbé gòjé lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò kọrin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bá a gbe orin. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi dìde láàrin èrò, tí ó ki ọwọ́ bọ àpò, tí ó sì lẹ owó mọ́ bàbá náà níwájú orí. Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní oríkì baba ńlá ọkùnrin náà ni gòjé ń ké, pé ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì baba rẹ̀ tí kò dìde, ọmọ kí ni?

Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kúmásì. Ìyá náà kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè Dagbani. Ṣùgbọ́n bí gòjé ti ń dún, ó di ojú rẹ̀, ó ń mi orí, ó sì ń rọra kùn orin sákárà kan sí i lábẹ́nu. Nígbà tí mo kí i kú ìgbádùn, ó ní bàbá òun ní ẹ̀rọ giramafóònù àti àwọn àwo sákárà tí ó máa ń fi dá ara rẹ̀ lára yá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ní inú ilé ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sí nígbà tí wọ́n lé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, gbogbo wọn ni wọ́n gba àwọn ọmọ wọn padà tọmọ-taya, ẹlòmíràn pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan. Kí a má sì gbàgbé pé àwa náà ṣe tiwa fún wọn ní 1983. Àpò tí a fi ọ̀rọ̀ náà sọ lórúkọ ṣì wà lọ́jà títí di òní. Àwọn kan padà sí Kúmásì lẹ́yìn náà, ìyá yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ máa wá àwo?

Ṣé ẹ mọ bí gòjé ṣe rí? Igbá ni wọ́n fi ń ṣe ikùn rẹ̀. Wọ́n á fi awọ awọ́nríwọ́n bo ojú igbá náà, wọ́n á sì lu ihò sí i kí ohùn lè rí ibi gbà jáde. Okùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, irun ìrù ẹṣin ni. Irun ẹṣin náà ni wọ́n tún so mọ́ ọ̀pá títẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á, èyí tí ó dà bí ọrun kékeré. Irun ni ó ń ha irun, ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn rẹ̀ fi máa ń dà bí ti ènìyàn tí ẹkún àti orin jọ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìlú òkè, níbi tí ẹṣin wà, ni gòjé ti wá. Àwọn Haúsá ń pè é ní goge, àwọn Dagomba ń pè é ní gondze. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn ẹlẹ́bọ bòrí máa ń lò ó gidigidi, èyí ni ọ̀pọ̀ àáfà ibẹ̀ kì í fi í fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí: nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn mùsùlùmí Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta gan-an ni wọ́n gbé e lé itan, tí wọ́n fi sákárà dá a lóhùn.

Ní Dagbon, ní àríwá Gánà, iṣẹ́ ìdílé ni gòjé. Bí a ṣe ń bí ọmọ Àyàn sí ìdí ìlù níhìn-ín ni wọ́n ń bí ọmọ sí ìdí gòjé níbẹ̀, baba á sì kọ́ ọmọ ní oríkì àwọn ọba. Yendi ni ààfin ọba wọn, Yaa Naa, wà. Àwọn onígòjé sì ní ipò tiwọn láàrin àwọn tí ń kì í.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni àwo kan tí ilé-iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2001, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Master Fiddlers of Dagbon. John Miller Chernoff, òyìnbó tí ó ti kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn Dagomba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ṣe ètò rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ gba ti àwọn onílù jáde. Lẹ́yìn náà ni ó yà sí ọ̀dọ̀ àwọn onígòjé. Lórí àwo yìí, gòjé kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Òun ni ó jókòó síwájú.

Ẹ tún fetí sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwo náà jáde ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yendi. Ní oṣù kẹta ọdún 2002 ni wọ́n pa Yaa Naa Yakubu Andani Kejì, oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n sì tó fi ọba tuntun jẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ó lé! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ọba kú ti tó gbé gòjé kí ọba mìíràn tó gorí awọ. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣáájú wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, rògbòdìyàn kankan kò lè fọwọ́ kàn án.

Tiwa ńkọ́? Kì í ṣe pé a kò ní àwo. Abibu Oluwa ti ń gba sákárà sínú àwo kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Yusuf Olatunji, Baba Lẹ́gbàá, tí ó kú ní 1978, fi àwo sílẹ̀ rẹpẹtẹ, Philips sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Ẹ gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gòjé ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, kí bàbá náà tó la ẹnu. Òun ni yóò máa di orin mú nígbà tí akọrin bá ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn sákárà jù lọ ní àdúgbò yín pé ta ni ó ń ta gòjé nínú orin náà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn bíi mélòó kan. Wọ́n mọ àwọn olówó tí bàbá kì, wọ́n mọ ọdún tí àwo jáde, wọn kò mọ onígòjé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacqueline Cogdell DjeDje, obìnrin Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì UCLA, tọ ipasẹ̀ gòjé káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 2008. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó gbé ìwé náà kà: Fúlàní, Haúsá àti Dagomba. Èmi kò bá ìyá náà jà. Ẹni tí a kò bá fi ohun wa hàn, báwo ni yóò ṣe rí i?

Àwọn kan ti sọ fún mi pé sákárà tí kò bá ní ọ̀rọ̀ nínú kì í ṣe sákárà, pé ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni adùn rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a ń jókòó ti dùndún láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí akọrin, tí a sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń wí. Yorùbá tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu awọ ewúrẹ́, kí ni kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu irun ẹṣin? Ìyá Sawaba tí mo sọ yẹn kò gbọ́ Dagbani, síbẹ̀ gòjé bá a sọ Yorùbá.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Bí bàbá onígòjé kan bá ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìlọrin, kí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ bá a, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ta gòjé nìkan, láìsí ìlù, láìsí orin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè orúkọ orin kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó kọ́ bàbá náà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, nítorí pé a fẹ́ràn láti máa fi àdúrà san gbèsè àwọn eléré.

Nígbà tí ìkómọ parí, bàbá onígòjé ti Sawaba fi aṣọ wé gòjé rẹ̀, ó ka owó iwájú orí rẹ̀, ó sì ń bọ bàtà. Mo ní kí ẹnì kan bá mi bi í léèrè bóyá wọ́n ti gba ohùn gòjé rẹ̀ sínú àwo rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀pá gòjé nàka sí àwọn ọmọdékùnrin mẹ́rin tí wọ́n na fóònù sókè láti ìgbà tí ó ti jókòó. Mo lọ bá wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀.