VPN Kì í Ṣe Mégà Ọ̀fẹ́: Ìlàlóye fún Ará Tchaourou àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaourou, Tchatchou, Bétérou, Kika, Goro, Sanson àti Alafiarou, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú wa kọ ìwé yìí. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá wa pé VPN tí àwọn rà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó tà á fún wọn ti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá ti wà lórí ẹ̀rọ, àwọn kò ní ra mégà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọ́n sanwó, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó dákẹ́. Wọ́n tún sanwó.

Mégà kò sí nínú VPN

Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti Tchaourou lọ sí Kùtọnu. Bí awakọ̀ bá fi tapólì bo ẹrù rẹ̀, tó sì so ó pinpin, ẹni tó dúró létí títì á rí ọkọ̀ tó ń kọjá, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá iṣu ni tàbí kájú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tapólì yẹn ni VPN. Ó ń bo ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà yín títí dé ibi tí wọ́n ti máa tú u. Mégà ni epo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a bo ń jẹ epo, èyí tí a kò bo náà ń jẹ ẹ́. Tapólì fúnra rẹ̀ tún wúwo: ẹni tó ń lo VPN ń jẹ mégà ju ẹni tí kò lò ó lọ díẹ̀.

A mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 2018, ìjọba orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí àṣẹ kan tó bu fáráǹkì 5 lé mégà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré fi VPN sórí fóònù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà mọ̀ pé WhatsApp ni wọ́n wà. Ẹni tó bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó àfikún, owó mégà rẹ̀ ṣì ń lọ. Oṣù yẹn kò tíì parí tí ìjọba fi fagi lé owó náà. Ó kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àhesọ pé ọ̀fẹ́ ni VPN kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí dòní.

Àwọn mìíràn gbà pé VPN ń ṣiṣẹ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò àwọn aṣòfin, WhatsApp àti Facebook ni wọ́n kọ́kọ́ dí, lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ dá. Ibi tó ti dá, VPN náà dá. Títì tó bá já, tapólì kò lè mú ọkọ̀ kọjá níbẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń tà fún yín? Fáìlì kékeré kan ni, tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp àti Telegram, tó ń gba ihò kan wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìsanwó. Bí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rí ihò náà, wọ́n á dí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́. Jìbìtì ni, ẹni tó rà á sì ti lọ́wọ́ sí i.

Bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ wá láti Kika, ó fi ìborùn dì í nítorí eruku ọ̀nà. Ó ti san fáráǹkì 3000 lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ṣí i, ohun mẹ́rin tó ń jẹ́ VPN ló wà nínú rẹ̀, méjì nínú wọn sì ń tan ara wọn fúnra wọn bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn. Mégà tó rà láàárọ̀ ọjọ́ náà ti tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń tú tapólì ní òpin ọ̀nà ń rí gbogbo ibi tí ẹ yà sí. Ní 2013, Facebook ra Onavo, tó ń fún ènìyàn ní VPN lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fi í wo àwọn ohun tí wọ́n ń lò lórí fóònù wọn. Ọdún 2019 ló tó pa á tì. Ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin tí ẹ bá pàdé nídìí ibùdókọ̀, ẹ kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi ohun tí ẹ kò mọ̀ sínú ẹ̀rọ yín, ó lè ka ohun tí ẹ bá tẹ̀, títí kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín (NPI) àti kóòdù tí ẹ fi ń gba owó MoMo.

Àwọn tí VPN wà fún

Ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Parakou tàbí Kùtọnu ní kó máa wo fáìlì ibi iṣẹ́ láti ilé, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rẹ̀ fún ní àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ kò nílò rẹ̀ láti béèrè ìwé lórí service-public.bj. Ẹ tilẹ̀ pa á kí ẹ tó ṣí ojú òpó báńkì, nítorí òmíràn máa ń kọ ẹni tó bá jọ pé òkè òkun ló ti ń wọlé.

Bí a ṣe ń to VPN sórí kọ̀ǹpútà ilé

Ilé iṣẹ́ yín ló máa kọ ohun mẹ́rin fún yín sórí ìwé: àdírẹ́sì sáfà, irú VPN, orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ìwé yẹn kò bá sí, àwa náà kò lè ṣe é. Irin iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú Windows 10 àti 11, ẹ kò ní rà á.

Ẹ ṣí «Paramètres», ẹ lọ sí «Réseau et Internet», ẹ tẹ «VPN», lẹ́yìn náà ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ «Ajouter» sí. Níbi «Fournisseur VPN», ẹ mú «Windows (intégré)». Ẹ fún un ní orúkọ tó bá wù yín, kí ẹ wá da àdírẹ́sì sáfà kọ láìfo àmì ìdánudúró kankan. Ẹ mú irú VPN tó wà lórí ìwé yín; bó bá jẹ́ PPTP ni wọ́n kọ, ẹ pe ilé iṣẹ́ yín padà, àgádágodo àtijọ́ tó ti já ni. Ẹ tẹ «Enregistrer», kí ẹ tó wá tẹ «Se connecter».

Bí ẹ bá rí 691, orúkọ ìwọlé tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò bára mu. Ẹ wo lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bó bá jẹ́ 809, ọ̀nà ló dí, ilé iṣẹ́ yín ló sì máa tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ láìtàn lè gbàgbé ọjọ́ òní, VPN á sì kọ̀ ọ́. Ẹ tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe ná.

Kí ẹ tó wá

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà wá pẹ̀lú wáyà iná rẹ̀ àti ìwé ilé iṣẹ́ yín. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí òṣìṣẹ́ wa kan bá ní kí ẹ sọ ọ́ sí òun létí, ẹ má sọ ọ́. A kì í gba fáráǹkì kankan lórí iṣẹ́ yìí, a kò sì rán ẹnikẹ́ni sí ìta láti bá wa gbà á.