Ìtùnú Ọlọ́run Nínú Ìpọ́njú

Nígbà tí ìpọ́njú bá wọ ilé ènìyàn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Kí ni mo ṣe?" Bí ọmọ bá kú, bí ọ̀dá bá pa àgbàdo lóko, bí àìsàn bá dá baálé dùbúlẹ̀, àwọn aládùúgbò a máa wí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á. Ẹni tí ọ̀ràn náà bá a sì lè rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò fi ọwọ́ sí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Olódodo ni Jóòbù, síbẹ̀ ó jókòó nínú eérú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá a lẹ́bi ni Ọlọ́run sì bínú sí nígbẹ̀yìn.

Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run kì í ṣe pé kí ènìyàn má sunkún. Jésù Olúwa sunkún níbi ibojì Lásárù. Àwọn àgbà wa sì wí pé, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kí ènìyàn di Ọlọ́run mú nígbà tí kò tíì mọ ìdí ọ̀ràn náà, tí ohun tí ó sọnù kò sì tíì padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, ẹni tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ogun wọ ìlú wọn ní ọdún 1821. Baba rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì padà sí ojú ìjà. Ọmọ náà kò tún fi ojú kàn án mọ́. A fi okùn so Àjàyí àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti pín wọn níyà. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, a sì dá ọmọ náà padà bí ẹni dá ọjà padà. Lẹ́yìn èyí, a ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú ní òru láti fi ìgbànú rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Níkẹyìn, a tà á fún àwọn Pọtogí ní Èkó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó lé ní 180. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì fi mú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbàlà yìí kò jọ ìgbàlà lójú àwọn ọmọ náà. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni.

Ní ilẹ̀ Sàró, a kọ́ Àjàyí ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Ó gba Kristi gbọ́, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825. Ẹ kíyè sí èyí: ní ọjọ́ náà, kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè tàbí ó ti kú. Ìtùnú Ọlọ́run ti dé ọkàn rẹ̀ ṣáájú kí ìyá rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún ṣáájú.

Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀, Àfàlá, tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé sì ń ṣàn lójú ìyá arúgbó náà. Ó ti di ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Nígbà tí Crowther kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1837, ó pe ọjọ́ tí a mú un lẹ́rú ní ọjọ́ ibi, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Kò wí pé òwò ẹrú dára. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi kórìíra rẹ̀. Ohun tí Jósẹ́fù rí ní Íjíbítì ni òun náà rí: ibi ni ènìyàn gbèrò, ṣùgbọ́n Ọlọ́run lè mú ire jáde láti inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí ó ti jìyà lẹ́ẹ̀kan kì yóò jìyà mọ́. Ní ọdún 1890, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù náà ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya lẹ́bi, wọ́n sì bu àṣẹ rẹ̀ kù. Ó dùn ún gidigidi. Síbẹ̀ kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi sùn ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Kí ni kí ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú ṣe?

Èkíní, kí ó sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìwé Sáàmù kún fún ẹkún àti ìbéèrè. Ọlọ́run kò kọ̀ wọ́n.

Èkejì, kí ó má ṣe fi ara pamọ́ fún ìjọ. Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run sábà máa ń fi ìtùnú rán.

Ẹ̀kẹta, kí ó lo ìrànlọ́wọ́ tí ó wà. Lílọ sí ilé ìwòsàn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí ìbànújẹ́ bá sì ń ti ènìyàn láti pa ara rẹ̀, kí ó sọ fún ẹnìkan ní ọjọ́ náà gan-an; kí àwọn ará ilé má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ rí dókítà.

Ẹ̀kẹrin, kí olùtùnú má ṣe máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Kí ó pọn omi, kí ó bá opó kọ ebè. Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé nítorí kí a lè tu ẹlòmíràn nínú ni Ọlọ́run ṣe ń tù wá nínú.

Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀ẹ̀bù kì í hú u lójoojúmọ́ láti wò ó. Ó ń ro oko rẹ̀, ó sì ń dúró de òjò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí onígbàgbọ́ máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ó sì dúró de Olúwa.