Kí A Gbóhùn Ìyá, Kí A Gbóhùn Ọmọ



Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, ọkàn wa kì í balẹ̀ títí ibi ọmọ yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà, a ó sin ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ó ti ṣe kí ó tó jáde?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ara ìyá nìkan ni ibi ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹyin kan náà tí ọmọ ti wá ni òun náà ti wá. Ohun alààyè tín-tìn-tín tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni ó kó ara wa jọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 6 tàbí 7 tí oyún bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ẹ̀yìn a lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, wọ́n a di ibi. Inú àwọn ti àárín ni ọmọ ti ń wá.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí ara ìyá. Èyí tí a mọ̀ jù ni hCG: òun ni ó ń sọ fún ara ìyá pé kí nǹkan oṣù má wá mọ́. Òun náà ni a ń wá nínú ìtọ̀ bí a bá ń yẹ oyún wò.

Lẹ́yìn èyí, sẹ́ẹ̀lì ibi a wọ ara ilé ọmọ lọ bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara ìyá kì í lé wọn; ńṣe ni wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn yé, iṣan tóóró a fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a pọ̀, ọmọ a rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ méjèèjì kì í dàpọ̀.

Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, iṣan lè má fẹ̀ tó. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn oṣù karùn-ún, tánsíọ̀n ìyá a ga sókè. Orí lè máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ lè máa ṣú, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lè wú, gìrì pàápàá lè mú un. Ẹ má ṣe sọ pé àjẹ́ ni, ẹ má sì dá ìyàwó lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó sì lè máà hàn rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin aláboyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn tánsíọ̀n yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ yẹ oyún wò, bí ara yín tilẹ̀ le. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi owó ọkọ̀ dù wọ́n.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Àmín.