Ọmọ Fossa tí kò bá owó lọ sí Australia

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, ikọ̀ ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ Kerry àti ti Derry wàákò nínú àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù Gaelic gbogbo Ireland ní pápá Croke Park, nílùú Dublin. Balógun Kerry, David Clifford, ọmọ ọdún 18, gbá góòlù mẹ́rin wọlé, ó sì tún fi pọ́ìntì mẹ́rin lé e. Gbogbo ohun tí Derry rí kó jọ lọ́jọ́ náà kò tó èyí tí Clifford nìkan dá kó.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan á béèrè bí wọ́n ṣe ń ka èyí. Òpó góòlù bọ́ọ̀lù Gaelic rí bíi lẹ́tà H. Bí bọ́ọ̀lù bá gba abẹ́ igi ìdábùú wọ inú àwọ̀n, góòlù nìyẹn, pọ́ìntì mẹ́ta ló jẹ́. Bó bá gba òkè igi náà kọjá láàárín òpó méjèèjì, pọ́ìntì kan. (Òfin ọdún 2025 ti ń fún ẹni tó bá gbá a láti ọ̀nà jíjìn ní méjì, àmọ́ ìyẹn ò tíì sí nígbà tí à ń wí yìí.) Nítorí náà, 16 ni ti Clifford, góòlù kan àti pọ́ìntì mẹ́jọ tí Derry ní jẹ́ 11, Kerry sì kó 35 lọ sílé. Ènìyàn 15 ló ń wà lápá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a sí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e kò gbọdọ̀ rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ kó tó lù ú mọ́lẹ̀ tàbí kó tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta á padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nígbà tí ẹnì kan ń fi èjìká tì yín.

Bó bá jẹ́ pé England tàbí Spain ni ọmọ yìí ti ṣe irú èyí, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù á ti tò síwájú ilé wọn. Ní Ireland, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó lè rà á. Àjọ GAA tó ń darí bọ́ọ̀lù Gaelic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Thurles lọ́dún 1884, kì í san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ abúlé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ló sì sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Bó bá mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, ìpínlẹ̀ rẹ̀ á pè é. Croke Park ń gba èrò tó lé ní 82,000, wọ́n sì ń sanwó wọlé, àmọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá á gbéra, á lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ẹwà eré náà nìyẹn. Lójú tèmi, ẹwà ọ̀hún lérè fún ẹni tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà ju ẹni tó ń sáré nínú pápá lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀bùn yìí jẹun: kó jápa lọ sí Australia. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bí ẹyin, òfin wọn sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń fò gba bọ́ọ̀lù lókè, tó sì lè gbá a látorí eré, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń wá ọmọ Ireland kiri. Jim Stynes kúrò ní Dublin lọ sí Melbourne, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Brownlow, tó ga jù lọ fún agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀, lọ́dún 1991. Tadhg Kennelly, ọmọ Kerry, gba ife pẹ̀lú Sydney ní 2005, ó wá padà wálé gba ti Ireland ní 2009. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló rí bẹ́ẹ̀. Stefan Okunbor, ọmọ Kerry tí orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sétí ẹni tó bá mọ ará Edo, wọ ẹgbẹ́ Geelong lẹ́yìn ọdún 2018, ṣùgbọ́n kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àgbà kan ṣoṣo kó tó padà sílé, sínú ikọ̀ Kerry.

Ojú àwọn ará Australia wà lára Clifford náà. Kò lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2018, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọdún 19, wọ́n wọ aṣọ ikọ̀ àgbà Kerry fún un láti kojú Donegal. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni gbogbo ilẹ̀ Ireland mọ̀ pé ti 2017 kì í ṣe eré ọmọdé. Ní Clones, Monaghan ti fi pọ́ìntì mẹ́ta ṣáájú, àsìkò ti tán, ìṣẹ́jú tí rẹfirí fi kún un ló kù. Bọ́ọ̀lù gíga kan wọlé, ó balẹ̀ sọ́wọ́ Clifford, ó yí padà, ó gbá a wọlé: góòlù kan àti pọ́ìntì 17 lápá méjèèjì, 1-17 sí 1-17. Kerry kò kúkú yege nínú ìpín tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún parí, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ.

Lẹ́yìn náà ni ojú rí màbo. Ní 2019, Kerry ta ọ̀mì pẹ̀lú Dublin nínú àṣekágbá, wọ́n tún un gbá, Dublin na wọ́n, wọ́n sì gba ife fún ìgbà karùn-ún léraléra, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ti 2020 ló dùn mí jù. Mark Keane, ọmọ Cork tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Collingwood, Australia, wà nílé lásìkò kòrónà. Ó bọ́ sínú ikọ̀ Cork tó bá Kerry pàdé. Nígbà tí àfikún àsìkò fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù tí akẹgbẹ́ rẹ̀ gbá kò dé òpó, Keane gbà á mú, ó gbá a sáwọ̀n, Kerry sì wọgbẹ́. Ẹni tó lọ sí Australia ló wálé wá lé ẹni tó jókòó sílé jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tyrone fi pọ́ìntì kan péré borí wọn. Iṣan ẹsẹ̀ ti há mọ́ Clifford, kò lè gbá àfikún àsìkò.

Ọdún 2022 ló tó dé orí òkè. Ní oṣù Keje, Kerry na Galway 0-20 sí 0-16, Clifford nìkan gbá mẹ́jọ nínú ogún náà. Ife kejìdínlógójì Kerry nìyẹn. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ní tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni oríire ọmọ yìí wà. Bí wọ́n bá bí i sí Leitrim tàbí Carlow, tí kò tíì gba ife náà rí, ẹsẹ̀ yẹn kan náà lè má gba ohunkóhun títí ayé, nítorí kò ní í sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó máa sá lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Killarney, nítòsí Fossa, abúlé rẹ̀. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ abúlé náà ṣì wà ní ìpele tó rẹlẹ̀, ìpele tí wọ́n ń pè ní Junior, òun àti Paudie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 2023, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó na Galway, ó padà sí Croke Park pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti bá Stewartstown Harps ti Tyrone du ife ẹgbẹ́ abúlé. Fossa borí, 0-19 sí 1-13, lẹ́yìn tí rẹfirí ti fi káàdì pupa lé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jáde nínú pápá.